Àwọn Tí Kò Dìde Lórí Ibùsùn

Aṣọ ibùsùn náà mọ́ tónítóní. Ohun tó da Inshirah láàmú nìyẹn.

Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ dídà ló pa Alhaji Abdel-Tawwab, ọkùnrin tó ti ń dín ìpanu olóyin tà létí odò ní ìlú Dumyat láti ogójì ọdún. Síbẹ̀, aṣọ tí wọ́n ká kúrò lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi pamọ́ sínú ọ̀rá nítorí ẹjọ́, kò ní ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lára. Inshirah ti ife tíì dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, ó yẹ̀ ẹ́ wò lójú àti lẹ́yìn. Olùwádìí ni ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba, obìnrin ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, tí orúnkún ń dùn, tí kì í sì í tètè gba ohun tí gbogbo ènìyàn bá ti gbà.

"Dókítà Lutfi, ẹ̀jẹ̀ wo ló pa á? Ṣé ẹ̀jẹ̀ tí kò ní àwọ̀ ni?"

"Inú ló dà sí, Madam." Dókítà tú báírò rẹ̀, ó yọ sípíríìngì inú rẹ̀, ó gbé e sórí aṣọ funfun náà. "Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn Alhaji ti dí. Wáyà tó rí báyìí, àmọ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, la fi là á. A kì í la àyà mọ́. Òkè itan ọ̀tún la ń gbà wọlé, níbi tí itan ti pàdé ikùn. A ó lu ihò kékeré sí iṣan ńlá tó wà níbẹ̀, a ó ti wáyà gòkè dé ọkàn. Bí a bá parí, a ó tẹ ojú ihò náà mọ́lẹ̀, a ó gbé àpò yanrìn lé e, aláìsàn á sì dùbúlẹ̀ gbalaja fún wákàtí mẹ́fà. Kò gbọdọ̀ dìde."

"Bí ó bá dìde ńkọ́?"

"Ihò á là. Nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ á tú síta, gbogbo ènìyàn á rí i. Nígbà mìíràn á gba inú sun lọ sẹ́yìn, kò sí ẹni tó máa rí nǹkan kan. Aláìsàn á kàn ní ẹ̀yìn ń ro òun."

"Ẹ̀yìn ro Alhaji?"

"Ó ro ó. Wọ́n rò pé ìdùbúlẹ̀ ló pẹ́ jù."

Inshirah ká aṣọ náà pa dà. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta ló tó kú. Ẹ fún un lẹ́jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ inú náà sì dá. Kí ló wá pa á?"

Dókítà dá sípíríìngì náà pa dà sínú báírò rẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, àmọ́ ní ọjọ́ yẹn ó dà bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ inú aṣọ funfun rẹ̀. "Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà iṣẹ́ wa wà. Wáyà tuntun wà nínú ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ ò fẹ́ràn àlejò, ó máa ń fẹ́ dì mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fún wọn ní òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Òògùn kan náà yẹn, bí ihò bá là, kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá. Nítorí náà a dá òògùn dúró. Nígbà tí a dá a dúró, ẹ̀jẹ̀ dì nínú wáyà, ọkàn Alhaji dúró. Ẹni tó bá ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, bí ẹ̀jẹ̀ náà tiẹ̀ dá, ewu rẹ̀ kò tíì tán. Àárín iná méjì ni onítọ̀hún wà."

"Àwọn mẹ́ta yòókù tí àwọn náà ṣẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

"Àwọn yẹn yè. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, Madam. Ọdún mẹ́ta gbáko, bóyá ẹni méjì ló ṣẹ̀jẹ̀ ní wọ́ọ̀dù yìí. Láàárín oṣù méjì péré, ẹni mẹ́rin! Gbogbo wọn ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì Madlen. Oṣù méjì náà ló pé tó débí. Ọjọ́ Àìkú tí kì í sí níbí nítorí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀jẹ̀ kì í dà. Ìgò òògùn kan sì tún sọnù nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀."

Ó sọ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìtìjú. Inshirah wo aago ara ògiri. Aago mẹ́wàá kọjá. Tó bá fi máa di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, agbẹjọ́rò ìjọba ń retí ìlà kan péré láti ọwọ́ rẹ̀: Madlen jẹ̀bi, tàbí kò jẹ̀bi. Bí ó bá jẹ̀bi, àtìmọ́lé ni yóò sùn, kò sì sí ọsibítù tó tún máa jẹ́ kó fọwọ́ kan aláìsàn láyé rẹ̀.

* * *

Madlen ń dúró de Inshirah ní yàrá tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ó tín-ín-rín, àgbélébùú kékeré kan wà tí wọ́n fín sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ láti ìgbà ọmọdé, bí àṣà àwọn Kírísítẹ́nì ibẹ̀.

"Jókòó, Madlen."

"Mo lè dúró, mà."

"Ìwọ lè dúró. Èmi tí orúnkún mi ti gbó, mi ò lè dúró, bí mo bá sì ń wò ọ́ lókè báyìí, ọrùn á tún kún un. Jókòó." Ó jókòó. "Ṣé o fún wọn ní òògùn ju bó ṣe yẹ lọ?"

"Rárá, mà."

"Ìgò tó sọnù ńkọ́?"

"Mi ò mọ ibi tó wà. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ṣé àwọn baba yìí dìde kí wákàtí mẹ́fà tó pé?"

"Wọn ò dìde. Mo bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò lè purọ́ fún mi, mà. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n sì bẹ̀rù Ọlọ́run."

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, o wà lọ́dọ̀ wọn ní gbogbo ìgbà?"

Ọwọ́ tí àgbélébùú wà lára rẹ̀ yọ́ wọ abẹ́ épírọ́ọ̀nù. "Mo máa ń jáde díẹ̀."

"Sí ibo?"

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀."

"Kí lo ń lọ ṣe?"

"Mo kàn máa ń dúró síbẹ̀."

"O ń dúró de ta?"

Ọmọbìnrin náà mi orí. Omi lé sí i lójú, àmọ́ kò jẹ́ kó já. "Ẹ kọ ohun tí ẹ bá fẹ́ kọ, mà. Mi ò ní sọ ohun tó máa dá ìjà sílẹ̀ ní ìlú yìí."

Inshirah kò kọ nǹkan kan. Ó ti gbọ́ irọ́ àwọn ọ̀daràn fún ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀daràn a máa bẹ̀rù fún ara rẹ̀. Èyí ń bẹ̀rù fún ìlú.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, obìnrin kan dábùú ọ̀nà rẹ̀, aṣọ dúdú ló wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Fawqiyya ni, ọmọ Alhaji tó kú, òun ló kọ ìwé ẹ̀sùn.

"Madam, kí lẹ tún ń bá a sọ? Ẹ mú un lọ!"

"Mo ń wádìí ni, Fawqiyya. Kí lo fi mọ̀ pé òun ni? Ṣé nítorí pé Kírísítẹ́nì ni?"

"Ẹ má fi ìyẹn kàn mí o!" Fawqiyya gbá àyà. "Ìyàwó Girgis, Kírísítẹ́nì tó ń gbé òkè wa, ló gbẹ̀bí ọmọ mi àkọ́kọ́. Bó bá ṣe Mùsùlùmí ló tọ́jú bàbá mi bẹ́ẹ̀, èmi náà ni màá fà á lé yín lọ́wọ́. Bàbá mi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ibí. Ẹni tó pa á ni mo fẹ́."

"Èmi náà, òun ni mò ń wá," Inshirah dá a lóhùn.

Ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ló ti pàdé Sájẹ́ǹtì Barakat, igbákejì rẹ̀, tó ń jẹ búrẹ́dì gbígbóná bọ̀ láti ilé àyẹ̀wò, èérún kún irun imú rẹ̀.

"Ọ̀gá, wọ́n ṣì ní ìwé àyẹ̀wò. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní wákàtí tó ń dà yẹn gan-an. Òògùn inú rẹ̀ ò ju ìwọ̀n lọ, kò sí ti ẹnì kankan tó jù."

"Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"Gbogbo wọn. Ìgò tó sọnù yẹn sì ti délé. Inú àpò ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ló wà, awakọ̀ ní òun gbàgbé láti dá a pa dà."

"Jẹ́ kí n gba díẹ̀ nínú búrẹ́dì yẹn." Ó gé e, ó ń jẹ ẹ́, ó ń ronú. Bí kì í bá ṣe òògùn, ihò ló là. Ihò kì í sì í là fúnra rẹ̀. Ara ni wọ́n mì. Àmọ́ àwọn baba mẹ́rin ti búra pé àwọn ò dìde. Òkú kan nínú wọn ò lè búra mọ́. Ẹ jẹ́ kí a bi alààyè.

* * *

Alhaji Shahhat ń gbẹ́ òdòdó sára orí ibùsùn ìyàwó nígbà tí wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Igi gbẹ́nàgbẹ́nà ló bo gbogbo àdúgbò náà, eruku rẹ̀ wà lórí irùngbọ̀n rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Òun ló kọ́kọ́ ṣẹ̀jẹ̀ nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Alhaji, ẹ kú iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ ṣẹ̀jẹ̀, ṣé ẹ dìde?"

"Wọláhì, mi ò dìde!"

Ìdáhùn náà yá jù. Ó sì ṣe bí ẹni pé ìṣó ló ń wá nílẹ̀. Inshirah wo Barakat. Barakat wo ìka Alhaji, ibi tí ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

"Alhaji," ni Barakat wí, "sìgá tí ẹ mu lọ́jọ́ náà, ibo lẹ ti mu ún? Ilé ìtọ̀ ni àbí ojú fèrèsé?"

"Ta ló sọ fún ọ?" Baba náà wo ẹ̀yìn bóyá ìyàwó òun wà nítòsí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mi, má pariwo. Obìnrin yẹn á pa mí kí ọkàn tó pa mí. Mo mu ún. Ẹyọ kan! Orí ibùsùn ni mo dùbúlẹ̀ sí tí mo mu ún, mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀. Iná ẹnu rẹ̀ tiẹ̀ já sílẹ̀, ó jó ihò sára bẹ́ẹ̀dì tuntun wọn. Bí mo bá dìde mu ún ni, ṣé iná á já sórí bẹ́ẹ̀dì?"

"Ṣé ìgbà tí ẹ ń mu ún ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀?"

"Rárá o. Aago méjìlá ni mo mu ìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ dà."

Barakat rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé inú mọ́tò. "Baba yìí! Wọ́n la iṣan ọkàn rẹ̀ láàárọ̀, ó mu sìgá lọ́sàn-án!"

Inshirah kò rẹ́rìn-ín. "Ó ní bẹ́ẹ̀dì tuntun. Èwo ni bẹ́ẹ̀dì tuntun?"

* * *

Ìyá Ezzat, tó ń fọ ilẹ̀ wọ́ọ̀dù, kò ní láti ronú rárá.

"Bẹ́ẹ̀dì karùn-ún! Èmi ni mo rán ihò tí sìgá jó sí i, ẹ wo abẹ́rẹ́ mi. Ẹ bá mi sọ fún Alhaji yẹn pé bó bá tún padà wá, igi ìgbálẹ̀ ni màá fi kí i káàbọ̀."

"Ìyá Ezzat, kò sí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì nínú ìwé wọn. Ṣé ẹ rántí ibi tí àwọn mẹ́ta yòókù sùn sí?"

"Ta ló ń fọ tìmùtìmù? Èmi kọ́? Alhaji Abdel-Tawwab, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀dì kẹrin. Ẹni kan ní ìkẹfà. Ẹni kan tún padà sí ìkarùn-ún." Ó fi ìgbálẹ̀ tọ́ka. "Gbogbo wọn ní apá ọ̀hún. Apá ibí tó ti wà tipẹ́, kò sí. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta péré ló wà ní yàrá yìí tẹ́lẹ̀. Oṣù méjì sẹ́yìn ni wọ́n kó mẹ́ta tuntun wá, wọ́n tò ó dojú kọ wọn."

Oṣù méjì. Oṣù tí Madlen dé.

"Ọjọ́ Àìkú ńkọ́? Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ kì í dà lọ́jọ́ Àìkú."

"Ọjọ́ Àìkú! Ọjọ́ obìnrin ni. Òkè la máa ń kó wọn sí. Kò sí ọkùnrin tí wọ́n máa ń ṣe iṣẹ́ ọkàn fún lọ́jọ́ Àìkú."

Inshirah rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀. Ó ti wá hàn pé ohun méjì ló dé pọ̀ lóṣù kan náà, nọ́ọ̀sì kan àti bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, nọ́ọ̀sì nìkan sì ni wọ́n mú.

Àṣé bẹ́ẹ̀dì ló ní àbùkù? Ó ní kí Barakat dùbúlẹ̀ sórí ìkẹrin tó ṣófo. Barakat gùn ún, ó na ẹsẹ̀, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó débi ìsinmi.

"Ọ̀gá, bẹ́ẹ̀dì yìí dáa ju tilé mi lọ."

"Má sùn o. Gbà pé ihò wà lókè itan rẹ. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, o ò gbọdọ̀ dìde títí màá fi ní kí o dìde."

Inshirah gbọn irin bẹ́ẹ̀dì náà, ó yí ọwọ́ tó ń gbé orí ibùsùn sókè, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìrora wo abẹ́ rẹ̀. Irin náà le dáadáa. Kò yẹ̀, kò tẹ̀. Ìrètí náà tún já. Aago mẹ́ta ti lù kọjá.

Ẹni kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì karùn-ún lọ́jọ́ náà: Tíṣà Zuhdi, olùkọ́ èdè Lárúbáwá tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ọkàn fún ní aago mọ́kànlá àárọ̀. Ó ń dá àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù láìsinmi. Àwọn baba méjì dùbúlẹ̀ ní apá kejì. Inshirah ní kí wọ́n pe Madlen wá. Ó fẹ́ rí i bó ti ń ṣiṣẹ́, láìfọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì tó rọ́pò rẹ̀ ti lọ gba òògùn nísàlẹ̀.

"Ṣe bí o ti máa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́, Madlen. Gbàgbé pé mo wà níbí."

Madlen jókòó nídìí tábìlì kékeré. Ó ń wo àwọn baba náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ kì í pẹ́ lórí ẹnì kan kó tó lọ sórí èkejì. Afẹ́fẹ́ odò ń gbá kọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà ni ìpè ìrun Alásárì dún láti mọ́sáláṣí ẹ̀yìn ilé.

Madlen dìde. Ó rọra fa kọ́tìnnì yí Tíṣà Zuhdi ká, ó rìn tìpẹ̀tìpẹ̀ bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Inshirah fẹ́ tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀dì kẹrin dún kíí lẹ́yìn rẹ̀.

"Barakat, kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mo fẹ́ kírun, ọ̀gá."

"Ṣebí mo ní o ò gbọdọ̀ dìde!"

"Mi ò dìde!" Barakat ti fi igbọ̀nwọ́ gbé ara rẹ̀, ó ti lọ́ ìbàdí, ó ká orúnkún ọ̀tún sábẹ́ ara, ọrùn rẹ̀ yí sí ẹ̀yìn. "Ẹ wò ó, ara mi ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mò ń wá bí màá ṣe kọjú sí Kíbílà ni. Ẹ̀yìn orí mi ló wà."

Inshirah gbé ojú sókè. Lórí ògiri, lókè orí bẹ́ẹ̀dì kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà, ni wọ́n lẹ ọfà àwọ̀ ewé tó ń tọ́ka sí Kíbílà mọ́. Ó yí wo àwọn baba méjì ní apá kejì. Ẹsẹ̀ wọn ló kọ sí ọfà náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ó ń fi orí kírun, ojú rẹ̀ kọ sí ibi tó yẹ láì mira.

Ó ya kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Tíṣà Zuhdi ti lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Igbọ̀nwọ́ ló gbára lé, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti ká, àpò yanrìn ti yọ̀ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ètè rẹ̀ ń mì nínú ìrun, kò sì mọ̀ pé nǹkan kan ń wú lókè itan òun bí ẹyin tó ń yọ.

"Madlen!"

Ọmọbìnrin náà já wọlé, àmọ́ ó dúró sí ẹnu kọ́tìnnì, ọwọ́ rẹ̀ gbé sókè. "Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aláìsàn, mà."

"Fọwọ́ kàn án!"

Ó dé ibẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó tán. Ó dá baba náà dùbúlẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ibi tó ń wú, ó sì gbé gbogbo ara rẹ̀ lé ọwọ́ náà.

"Ẹ má bínú, Tíṣà. Ẹ má mira."

"Ìrun mi, ọmọ mi. Mi ò tíì parí."

"Ẹ fi ojú parí rẹ̀, sà. Ẹ wà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ojú parí rẹ̀."

Baba náà wò ó. Ó pa ojú dé, ó sì là á. Ó ń fi ojú kírun, ọmọbìnrin náà sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òógùn ń kán láti imú rẹ̀ sórí aṣọ ibùsùn. Barakat ti bọ́ sílẹ̀, ó ti sáré lọ pe dókítà. Nígbà tí Lutfi dé, ó fọwọ́ tọ́ ibẹ̀ wò, ó wo ojú Tíṣà, ó wo ẹ̀rọ. Ó na ọwọ́ láti gbà á lọ́wọ́ Madlen, ó sì fà á sẹ́yìn.

"Má kúrò. O tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bí ó bá dá báyìí, a ò ní láti dá òògùn ọkàn rẹ̀ dúró rárá."

Ó tẹ̀ ẹ́ fún ohun tó lé ní ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀jẹ̀ dá.

* * *

Inshirah jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin, ó pe Alhaji Shahhat lórí fóònù, ó sì jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́.

"Alhaji, ṣé ẹ kírun Alásárì lọ́jọ́ yẹn?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn, Madam? Pé mo mu sìgá, ìyẹn wá ní kí n má kírun?"

"Báwo lẹ ṣe kọjú sí Kíbílà?"

"Mo lọ́ bí ejò! Àmọ́ mi ò dìde. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ dìde, mi ò dìde."

"Nígbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín?"

Wọ́n gbọ́ tí ayùn dúró ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Kí n tó sálámà parí ìrun," ó wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

Inshirah pa fóònù. "Dókítà, gbogbo wa béèrè lọ́wọ́ wọn pé: ṣé ẹ dìde? Wọ́n ní rárá, òótọ́ sì ni. Lójú wọn, dídìde ni kí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé: ṣé ẹ kírun? Ta ló máa bi àgbàlagbà bẹ́ẹ̀? Àwọn tó sùn ní apá yìí tí kò ṣẹ̀jẹ̀, àwọn kan kírun bí wọ́n ti dùbúlẹ̀, àwọn kan sún un síwájú. Àwọn tí kò lè fi ẹ̀yìn kọ Kíbílà nìkan ló lọ́ ara wọn. Ẹ̀yin lẹ to bẹ́ẹ̀dì, nǹkan tí ẹ rò ni ibi tí páìpù afẹ́fẹ́ wà."

Dókítà Lutfi fi ọwọ́ bo ojú. "Èmi náà kírun Alásárì lójoojúmọ́, Madam. Ní ọ́fíìsì mi nísàlẹ̀."

Inshirah yíjú sí Madlen tó ṣì jókòó ti Tíṣà, ọwọ́ lórí àpò yanrìn. "Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mi ò mọ̀ pé ìyẹn ni, mà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò sí níbẹ̀ lásìkò yẹn. Bí mo bá sọ ìdí tí mo fi jáde, kí ni wọ́n máa gbọ́? Wọ́n á gbọ́ pé Kírísítẹ́nì kan ní ìrun ló ń pa wọ́n." Ó tún ọwọ́ tẹ̀ mọ́ àpò yanrìn. "Bàbá mi kọ́ wa pé bí ẹnìkan bá ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, a kì í jókòó wò ó lẹ́nu. Mo rò pé mò ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni. Ká ní mo jókòó..."

"Ká ní o jókòó, ò bá ti rí i," Inshirah wí. Kò fẹ́ parọ́ fún un. "Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Láti òní, máa jókòó."

"Ṣé ìrun ló pa bàbá mi?"

Fawqiyya ló wí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Rárá, Fawqiyya," Inshirah dáhùn. "Ọlọ́run ń gba ìrun aláìsàn níbikíbi tó bá kọjú sí. Kò sí ẹni tó rán bàbá rẹ létí ni. Ohun tí a kò bi í ló pa á."

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago márùn-ún lù. Inshirah pe ọ́fíìsì, ó sọ ìlà rẹ̀: "Kò jẹ̀bi. Ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́ nísinsìnyí. Ọsibítù ni kó wá ṣàlàyé bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta fún wa." Barakat ti ń bá Ìyá Ezzat ti bẹ́ẹ̀dì kẹfà, wọ́n ń yí orí rẹ̀ sí ẹsẹ̀, ìyá náà sì ń bú u pé ó ń ha ilẹ̀ òun.

Fawqiyya kò lọ. Ó rìn wọlé díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ìdí bẹ́ẹ̀dì karùn-ún. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ Madlen lórí àpò yanrìn.

"Lọ́jọ́ yẹn," ó wí níkẹyìn, "wọn ò jẹ́ kí n wọlé. Ẹ̀yin lẹ bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn kó tó dákú. Ṣé ó sọ nǹkan?"

"Ó ní ẹ̀yìn ń ro òun díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rí yín gba gíláàsì ilẹ̀kùn, ẹ gbé fùláàsì dání. Ó ní, 'Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ti dúró láti àárọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú. Bá mi wá àga fún un.'"

Fawqiyya wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Madlen kò gbé ọwọ́ kúrò lórí Tíṣà. Ó na ẹsẹ̀ sábẹ́ tábìlì kékeré, ó fi gìgísẹ̀ kọ́ àga tó wà níbẹ̀, ó ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan etí aṣọ dúdú náà.

Fawqiyya wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó jókòó.